Bí Ẹ Ó Ṣe Wá Ilé Yìnyín Ayé Àtijọ́ àti Adágún Rẹ̀ Rí Nínú Ọgbà Àwọn Ọlọ́lá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Tí ẹ bá wọ ọgbà ilé ńlá àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo èrò ń tọ̀: gbọ̀ngàn, yàrá ìjẹun, àwòrán ara ògiri, ṣọ́ọ̀bù, tíì. Èmi a máa kọ́kọ́ kọjú sí ibi tí igi ti ṣú jù. Ibẹ̀ ni ilé yìnyín sábà máa ń wà. Ihò ńlá ni, wọ́n fi bíríkì kọ́ ọ sínú ilẹ̀. Nígbà òtútù ni wọ́n ń kó omi dídì orí adágún sínú rẹ̀, kí ọlọ́lá tó ni ilé lè rí yìnyín lò nínú oṣù Keje àti Kẹjọ, láyé tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ fíríìjì. Bíríkìlà ni mí. Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, àmọ́ ògiri àtijọ́ ni mò ń tún ṣe ní Kent báyìí, mi ò sì tíì rí ilé tí ọgbọ́n bíríkìlà pọ̀ nínú rẹ̀ tó ilé yìnyín. Mo fẹ́ kọ́ yín bí ẹ ó ṣe wá a rí, àti ohun tí ẹ ó máa wò tí ẹ bá dé ìdí rẹ̀.

Ilé tiyín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. National Library of Scotland ti gbé àwọn máàpù àtijọ́ ti Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Britain, sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ti England àti Wales náà sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ti Scotland nìkan. Ẹ tẹ orúkọ ilé tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ yan máàpù ọ̀rúndún 19. Èyí tí íǹṣì 25 dúró fún máìlì kan ló dáa jù, torí ó ń fi ilé kéékèèké hàn. Kí ẹ wá rọra máa fojú wá àyíká omi àti inú igbó títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n kọ “Ice House” sí. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí “Ice Pond” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù náà tí ẹ lè fà síwá sẹ́yìn, tí máàpù àtijọ́ á máa pòórá díẹ̀díẹ̀, tí àwòrán sátẹ́láìtì òde òní á máa yọ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn: ẹ ó rí adágún tó ti di pápá, ẹ ó rí igbó tó ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wo àkójọ àwọn ilé tí òfin dáàbò bò, tí Historic England ń tọ́jú. Ẹ wá “icehouse” níbẹ̀, kí ẹ sì tún wá “ice house”, torí ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ń gbà kọ ọ́. Ní Wales, Cadw ni kí ẹ wò. Ní Scotland, Historic Environment Scotland.

Tí ẹ bá wá dé ọgbà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ilé ńlá. Omi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé yìnyín wúwo. Èyí tó bá kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, kìlò rẹ̀ lé ní 900. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ kí ẹṣin òun fa irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà jíjìn nínú òtútù. Nítorí náà, ilé yìnyín gbọ́dọ̀ súnmọ́ omi. Síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ga ju omi lọ, torí pé omi tó bá yọ́ nínú rẹ̀ ní láti rí ibi ṣàn sí. Nǹkan méjì yìí ni mo máa ń rò pọ̀ tí mo bá dúró létí adágún: níbo ni ilẹ̀ ti gòkè díẹ̀, tó gbẹ, tí kò sì jìnnà síbí? Ibẹ̀ ni kí ẹ gbà. Àwọn kan wà o, tí wọ́n kọ́ sítòsí ilé ìdáná nítorí kí ìránṣẹ́ má rìn jìnnà, àmọ́ wọn ò pọ̀ tó ti etí omi.

Ẹ jẹ́ ká wo adágún náà fúnra rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í wò ó. Adágún ńlá tó tẹ́ rẹrẹ níwájú ilé, ti ẹwà ni. Irú rẹ̀ ni Capability Brown, gbajúgbajà tó ń ṣe ọgbà fún àwọn ọlọ́lá ní ọ̀rúndún 18, fi lókìkí. Ní Croome ní Worcestershire, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1751, odò àtọwọ́dá gan-an ni wọ́n gbẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń kó yìnyín láti orí irú omi bẹ́ẹ̀. Ní Kew, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní London, láti inú adágún ọgbà ni wọ́n ti ń kó o. Ṣùgbọ́n èyí tó wúlò jù fún yìnyín ni adágún tí kò jìn, tí omi rẹ̀ dákẹ́, tí igi tàbí òkè sì ṣíji bò.

Bí omi ṣe ń dì ló fà á. Omi máa ń wúwo jù nígbà tó bá tutù dé ìwọ̀n 4 lórí òdiwọ̀n Celsius. Èyí tó bá ti tutù tó bẹ́ẹ̀ á rì sísàlẹ̀, èyí tó gbóná jù ú lọ á gòkè wá, wọn á máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo adágún á fi dé ìwọ̀n 4 láti òkè délẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ojú omi tó lè tutù sí i títí yóò fi dì. Adágún tó bá jìn lè lo gbogbo ìgbà òtútù lórí ìyẹn láì dì rárá. Èyí tí kò bá ju orúnkún lọ lè dì ní òru kan ṣoṣo. Nítorí náà, tí ẹ bá rí adágún kékeré kan lẹ́yìn igbó, tí kò wu ojú rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ nǹkan nípa rẹ̀ sára pátákó, ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn omi wà létí rẹ̀. Ìyẹn ni pákó tàbí irin tí wọ́n ń gbé sókè kí omi lè wọlé láti inú odò, tí wọ́n á sì tì pa kó lè dákẹ́.

Ẹ wá gòkè láti ibẹ̀, kí ẹ máa wá òkìtì. Òkìtì tó rí rìbìtì, tí koríko tàbí igi bò, tí kò jọ ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe. Igi yew ni ẹ ó rí lórí ọ̀pọ̀ wọn, torí kì í wọ́wé, ó sì ń ṣíji bò ó yípo ọdún. Ẹnu ọ̀nà sábà máa ń kọjú sí àríwá kí oòrùn má wọ ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òkìtì bò o. Ní Scotney Castle níbí ní Kent, òrùlé koríko ni wọ́n ṣe lé tiwọn lórí, tó ga sókè ṣóńṣó. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé abà ni.

Kí ẹ tó wọ ibikíbi, ẹ gbọ́ èyí ná. Ihò tó wà nínú ilé yìnyín lè jìn ju mítà mẹ́fà lọ, ẹnu rẹ̀ sì wà ní òpin ọ̀nà tóóró tó ṣókùnkùn. Ẹni tó bá ń rìn lọ tààrà láìsí iná lè já sínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣíwájú. Ẹ má gun orí òkìtì náà, pàápàá èyí tí gbòǹgbò igi ti wọnú bíríkì rẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé géètì tì, ó tì nìyẹn. Ẹ fara mọ́ irin kí ẹ sì máa wo inú.

Ọ̀nà àbáwọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ ó bá ihò kéékèèké tàbí irin tó ti dípẹtà, níbi tí ilẹ̀kùn ti wà rí. Ilẹ̀kùn méjì ló wọ́pọ̀, àwọn mìíràn ní mẹ́ta. Wọn kì í ṣí méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá wọlé á ti ti àkọ́kọ́ mọ́ ara rẹ̀ kó tó ṣí ìkejì, kí atẹ́gùn gbígbóná má bàa bá a wọlé. Koríko gbígbẹ ni wọ́n sì ń kì sáàárín ilẹ̀kùn méjèèjì.

Ibi tó kàn ni ọkàn mi wà. Tí ẹ bá dé ẹnu ihò náà, ẹ tan iná sí ògiri, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe to bíríkì. Ògiri tó tọ́ gbọnrangandan, ìhà bíríkì tó gùn la máa ń kọ síta nínú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ilé yìnyín, orí bíríkì tó kúrú ni ẹ ó máa rí láti òkè délẹ̀, torí ògiri tó ká kò lè gba ìhà gígùn láìyọ igun síta. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín bíríkì kan àti èkejì: ó há nínú, ó fẹjú lẹ́yìn, mọ́tà ló dí i. Ògiri náà fẹ̀ lókè, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀ bí ẹyin tí a fi ìdí rẹ̀ tó tóbi kọ sókè. Òrùlé rẹ̀ náà rí rìbìtì, òbìrí lé òbìrí. Tí òbìrí kan bá ti pé, ó ti gbé ara rẹ̀ dúró nìyẹn, kò lè ṣubú mọ́, bíríkìlà lè gun orí rẹ̀ to òmíràn láìsí pákó tó ń gbé e ró nísàlẹ̀. Mo ti bá irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe, mo sì lè sọ fún yín pé ẹni tó kọ́ ọ mọṣẹ́ dé góńgó. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan.

Láìmù, ìyẹn ẹfun òkúta tí wọ́n fi iná sun, ni mọ́tà wọn, kì í ṣe símẹ́ńtì. Ẹ fi èékánná họ ọ́ díẹ̀, ẹ ó rí i pé funfun ni, ó sì rọ̀. Láìmù ń jẹ́ kí ọ̀rinrin gba inú ògiri jáde. Níbi tí àwọn kan ti wá fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ láyé òde òní, ẹ ó rí ojú bíríkì tó ń ṣí kúrò bí èèpo, torí omi há sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń dì nígbà òtútù. Ó ń dùn mí gan-an tí mo bá rí irú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ṣe é rìbìtì? Yìnyín tó bá pọ̀ níbì kan pẹ́ kó tó yọ́. Tí ẹ bá sọ ìtóbi òkìtì yìnyín di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìhà, ara rẹ̀ tí ooru lè kàn á di ìlọ́po mẹ́rin, àmọ́ yìnyín inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ohun tó rí rìbìtì ló sì ní ara tó kéré jù fún ohun tó gbà sínú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ooru tó máa yọ́ kìlò yìnyín kan ṣoṣo pọ̀ gan-an: ó tó láti gbé kìlò omi kan láti ìwọ̀n òdo dé ìwọ̀n 80. Ẹ wá fi ìyẹn ro ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlò. Ìdí nìyẹn tí ilé yìnyín tí wọ́n kọ́ dáadáa fi lè tọ́jú yìnyín ju ọdún kan lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, asán ni tí gọ́tà kò bá sí. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ má gbàgbé gọ́tà. Ẹ tan iná sí ìsàlẹ̀ ihò náà. Tí pàǹtí kò bá tíì dí i, ẹ ó rí ihò kékeré kan tàbí irin aláàlàfo. Nígbà mìíràn, àgbá kẹ̀kẹ́ ẹṣin àtijọ́ ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n to igi wẹ́wẹ́ àti koríko gbígbẹ lé lórí, kí yìnyín má bàa jókòó nínú omi ara rẹ̀. Yìnyín tó wà nínú omi á tètè yọ́, torí omi ń gbé ooru wá láti ara ilẹ̀ ju atẹ́gùn lọ dáadáa. Koríko tó bá sì ti tutù kò lè dáàbò bò ó mọ́. Wọ́n wá ṣe gọ́tà náà kó tẹ̀ kọ́rọ́ kí omi díẹ̀ lè dúró sínú rẹ̀, bíi ti páìpù abẹ́ síǹkì yín gan-an: omi inú á jáde, atẹ́gùn ìta kò ní rí ààyè wọlé. Tí ẹ bá jáde, ẹ wá ẹnu gọ́tà náà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Léraléra, ó máa ń darí padà sínú adágún tí yìnyín ti wá.

George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, mọ ohun tí ojú ń rí nídìí èyí. Ní 1784, ó kọ̀wé sí Robert Morris, oníṣòwò kan ní Philadelphia, pé ilé yìnyín òun ní Mount Vernon kò ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ tán, snow ló pọ̀ jù nínú ohun tí òun kó sí i. Morris fèsì fún un. Ó ní òun náà ti dán snow wò lọ́dún kan, kò ju oṣù Kẹfà lọ, ṣùgbọ́n yìnyín gidi ń dé oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá. Ó ṣàlàyé bí òun ṣe kọ́ tòun: ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ tí omi ń gbà lọ, yìnyín tí wọ́n fọ́ tí wọ́n sì gún mọ́ra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Virginia tàbí ìtòsí ibẹ̀, Mount Vernon ṣì wà tí ẹ lè lọ wò, Monticello ti Thomas Jefferson náà sì wà, níbi tí ilé yìnyín wà láti 1802. Tí ẹ bá dúró níbẹ̀, kí ẹ rántí ẹni tó ń kó yìnyín náà láti odò Potomac àti Rivanna. Àwọn ẹrú ni, ọmọ Áfíríkà àti ọmọ ọmọ wọn, nínú òtútù tí ìlú àwọn bàbá wọn kò mọ̀. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ní England náà, ṣúgà tí wọ́n ń fi ṣe áísìkíríìmù fún àwọn ọlọ́lá ní ọ̀rúndún 18, oko ìrèké Caribbean ló ti ń wá, lọ́wọ́ àwọn ẹrú.

Nínú ọgbà àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń tọ́jú ọgbà àti àwọn lébìrà oko ni wọ́n ń pè sí iṣẹ́ yìí, ní àárọ̀ kùtù tí omi bá ti dì. Yìnyín wọn kì í nípọn tó ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù. Íǹṣì kan tàbí méjì ti tó fún wọn. Òòlù onígi ni wọ́n fi ń fọ́ ọ, ìkọ́ àti réèkì ni wọ́n fi ń fà á wá sétí omi, kẹ̀kẹ́ ẹṣin á wá gbé e lọ. Àwọn kan á ti wà nínú ihò tí wọ́n á máa gún un bí wọ́n ṣe ń da á sílẹ̀, títí kò fi ní sí àlàfo láàárín rẹ̀. Wọ́n lè wọ́n omi sí i lójú òru, kí gbogbo rẹ̀ lè lẹ̀ pọ̀ di òkúta kan. Nígbà tó bá kún tán, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó, wọ́n á ti ilẹ̀kùn.

Wọn kì í sọ yìnyín adágún sínú ife mímu. Ewé wà nínú rẹ̀, ìgbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ń kó ìgò wáìnì sáàárín rẹ̀, wọ́n ń gbé ẹja àti bọ́tà lé e. Fún áísìkíríìmù, ìkòkò onírin ni wọ́n ń gbé sínú garawa tí yìnyín àti iyọ̀ kún inú rẹ̀, torí iyọ̀ ń mú kí yìnyín tutù kọjá òdo, ó lè dé ìwọ̀n 21 nísàlẹ̀ òdo. Wọ́n á máa yí ìkòkò náà lọ́wọ́ títí mílíìkì inú rẹ̀ á fi dì.

Ẹ̀yin ará London kò ní láti lọ jìnnà. Ní Greenwich Park ni Ọba James Kìíní ti ní kí wọ́n kọ́ ọ̀kan ní 1619, lára àwọn àkọ́kọ́ ní England ni, àmọ́ kò sí ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sí Holland Park, níbi tí ilé yìnyín ti di ibi tí wọ́n ń ṣàfihàn iṣẹ́ ọnà, tàbí Ham House ní Richmond, tàbí Kew, níbi tí òkìtì rẹ̀ wà nítòsí Princess of Wales Conservatory, ilé onígíláàsì tí wọ́n ń gbin ewéko sí. Ní Regent’s Crescent, àwọn awalẹ̀pìtàn MOLA (Museum of London Archaeology) kéde ní 2018 pé àwọn ti rí ilé yìnyín ńlá kan tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀wádún 1780, ó fẹ̀ tó mítà 7.5, ó jìn tó 9.5. Bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì wó àwọn ilé tó wà lórí rẹ̀, kò rí òun ṣe. Oníṣòwò kan, William Leftwich, lò ó ní ẹ̀wádún 1820. Ní 1822, nígbà tí òtútù kò mú tó, ó rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí Norway kó lọ kó 300 tọ́ọ̀nù wá. Carlo Gatti náà kó yìnyín Norway wọ London lẹ́yìn náà, kànga yìnyín rẹ̀ sì ń bẹ lábẹ́ London Canal Museum ní King’s Cross títí di òní. Yìnyín òkèèrè mọ́, ó sì nípọn. Bó ṣe ń di ọ̀pọ̀, tí ẹ̀rọ tó ń mú omi dì náà dé, adágún àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í dì láìsí ẹni tó wá a wá.

Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ fi ìrìn àjò yín sí. Nígbà òtútù, àwọn àdán kéékèèké ló ń sùn nínú ilé yìnyín, torí inú rẹ̀ kì í gbóná jù, kì í sì í tutù jù. Òfin Britain dáàbò bo gbogbo àdán àti ibi tí wọ́n ń sùn sí. Ẹni tó bá yọ wọ́n lẹ́nu ti rúfin. Àdán tó bá ta jí lójú oorun òtútù ń sun ọ̀rá ara rẹ̀ dànù, ó sì lè kú kó tó rí kòkòrò jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá irin ẹnu ọ̀nà fi dùbúlẹ̀ gbalaja, kí wọ́n lè fò gba àárín rẹ̀. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn.

Tí ẹ bá rí ilé yìnyín tí kò sí nínú àkójọ kankan, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú Historic Environment Record, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ohun àtijọ́, ní àgbègbè náà. Ẹ kọ ibi tí fóònù yín sọ pé ẹ wà, ìhà tí ẹnu ọ̀nà kọjú sí, iye ilẹ̀kùn, bóyá gọ́tà hàn, àti bí adágún ṣe jìnnà sí. Ẹ mú tépù dání, kí ẹ wọn bíríkì kan: gígùn, ìbú, gíga. Ìjọba gbé owó orí lé bíríkì ní 1784, iye bíríkì ni wọ́n sì ń kà, làwọn tó ń ṣe é bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é gàgàrà kí iye rẹ̀ lè dín kù. Wọn ò fagi lé owó orí náà títí di 1850. Bí bíríkì òrùlé bá ga ju ti ọ̀nà àbáwọlé lọ, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ́ méjèèjì.